Bí Orúkọ Bàbá Ṣe Ń Yí Padà ní Makera

Bí o bá ka ìwé orúkọ kíláàsì kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Makera, ní ìhà gúúsù ìlú Kaduna, àwọn tí wàá máa bá pàdé ní ìdí orúkọ ọmọ ni Ibrahim, Musa, Yakubu, Yusuf, Abubakar, Sani, Garba, Danladi, Bitrus, Ishaya, Sunday, Joseph. Adéyẹmí kan lè wà níbẹ̀. Okafor kan lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn tàbí Òṣogbo dé yóò fẹ́ fi orúkọ wọ̀nyí ya èèyàn sọ́tọ̀ lójú ẹsẹ̀: Mùsùlùmí rèé, Kìrìsìtẹ́nì rèé, Haúsá rèé, Yorùbá rèé. Ìṣirò rẹ̀ kò ní jọ. Yakubu tó wà ní ìlà kejì lè jẹ́ ọmọ Gbagyi tí bàbá rẹ̀ jẹ́ díákónì ní ìjọ ECWA. Ibrahim tó tẹ̀lé e lè jẹ́ ọmọ Ọ̀fà tí wọ́n ń sọ Yorùbá nílé rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Sunday lè jẹ́ Idoma, ó lè jẹ́ Tiv, ó sì lè jẹ́ ọmọ Èkìtì.

Báwo ni orúkọ tó wọ́pọ̀ ní àdúgbò kan ṣe ń yí padà bí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ṣe ń yí padà? Èsì tó máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu ni pé àwọn kan dé, àwọn kan lọ, orúkọ sì bá wọn rìn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tó. Àwọn èèyàn kan wà tí wọn kò kúrò lójú kan, tí wọn kò yí ẹ̀sìn padà, tí orúkọ bàbá wọn sì ti di òmíràn láàárín ìran méjì, nítorí pé òfin tí wọ́n fi ń jẹ́ orúkọ bàbá yàtọ̀ sí tiwa. Ẹni tí kò bá mọ òfin náà yóò rò pé àwọn àtijọ́ ti lọ, àwọn àjèjì ti dé. Ohun tí mo fẹ́ fi Makera ṣàlàyé nìyẹn.

Àwọn Gbagyi ló ń dáko káàkiri agbègbè yìí kí òyìnbó tó dé. Ìjọba Lugard ló sọ etí odò Kaduna di ìlú, tí olú ìlú Àríwá fi kúrò ní Zungeru wá síbẹ̀ ní 1917. Ojú irin ló sì kó èrò dé. Ọ̀kan ti Èkó wá, èkejì ti Port Harcourt wá bá a ní Kaduna ní ìparí àwọn ọdún 1920. Akọ̀wé rélùwéè, ṣọ́jà, télọ̀, bíríkìlà, oníṣòwò obì àti aṣọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ Yorùbá, Ìgbò àti Nupe. Olóògbé Bọ́lá Ìgè, tó di gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1979, Kaduna ló ti lo ìgbà èwe rẹ̀, ó sì sọ ìwé tó kọ nípa ìgbà náà ní *Kaduna Boy*.

Makera ní tirẹ̀, iléeṣẹ́ aṣọ ló sọ ọ́ di ńlá. Kaduna Textiles, tí tolórí tẹlẹ́mù ń pè ní KTL, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957 nígbà tí Ahmadu Bello ń ṣe olórí ìjọba Àríwá, pẹ̀lú iléeṣẹ́ David Whitehead láti Lancashire. Kí àwọn ọdún 1960 tó parí, Arewa Textiles tí àwọn ará Japan dá owó sí, àti United Nigerian Textiles, ìyẹn UNTL, tí Cha Chi Ming láti Hong Kong dá sílẹ̀, ti dìde ní agbègbè Makera àti Kakuri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Norspin, Nortex àti Finetex náà wà. Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní Kaduna ní 1975. Iléeṣẹ́ ìfọpo tẹ̀lé e ní 1980. Iṣẹ́ wọ̀nyí pe èèyàn wá láti gúúsù ìpínlẹ̀ Kaduna, láti Plateau, Benue, Kogi àti Kwara, láti Zaria, Katsina àti Kano. Makera ni ìjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Kaduna South, tí ìkànìyàn 2006 rí èèyàn tó ju 400,000 lọ nínú rẹ̀.

Gbogbo wọn ló gba iwájú tábìlì akọ̀wé kọjá. Akọ̀wé iléeṣẹ́, akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́, akọ̀wé ọsibítù, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ olúkúlùkù ní èdè Haúsá: kí lorúkọ rẹ, kí lorúkọ bàbá rẹ? Ìbéèrè kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ohun tó túmọ̀ sí lọ́kàn ẹni tó ń dáhùn yàtọ̀ láti ẹ̀yà dé ẹ̀yà.

Fún Haúsá tó jẹ́ Mùsùlùmí, orúkọ tí bàbá rẹ̀ gan-an ń jẹ́ ló máa sọ. Ká ní ọkùnrin kan ń jẹ́ Musa, Ibrahim ló bí i: Musa Ibrahim ni wọ́n kọ sílẹ̀. Musa bí Sani, ọmọ náà di Sani Musa. Sani bí Aliyu, ó di Aliyu Sani. Ibrahim ti pòórá nínú ìwé. Ilé náà kò kúrò ní àdúgbò, mọ́sálááṣí tí wọ́n ń kírun ní kò yí padà, síbẹ̀ orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti jókòó sí ipò orúkọ bàbá láàárín ìran mẹ́ta. Àwọn ará Iceland náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí di òní, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè sọ pé àìlàjú ló fà á.

Nígbà mìíràn ìlú ló máa ń rọ́pò bàbá. Abubakar Tafawa Balewa, Aminu Kano, Shehu Shagari, ìlú ni gbogbo èyí tó gbẹ̀yìn wọn yẹn. Ahmadu Bello pàápàá, nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ ní Katsina, Ahmadu Rabah ni wọ́n ń pè é, nítorí Rabah ni wọ́n ti bí i. Ìgbà tó yá ló di Bello, orúkọ baba ńlá rẹ̀ Muhammadu Bello, ọmọ Usman dan Fodio. Orúkọ ìlú kò wúlò fún ẹni tó jókòó sílé. Ní Rabah, ta ni kì í ṣe ará Rabah? Ìgbà téèyàn bá jáde ló ń wúlò. Ìdí nìyí tí ìlú tí iṣẹ́ ń fa àlejò wá, bíi Makera, fi máa ń kún fún orúkọ ìlú mìíràn ní ìran àkọ́kọ́. Ọmọ tí wọ́n bá bí sí Makera gan-an kò nílò rẹ̀ mọ́, yóò padà sórí orúkọ tí bàbá rẹ̀ ń jẹ́. Bí orúkọ ìlú bá dínkù nínú rẹ́jísítà, ó lè jẹ́ pé àwọn àlejò ti lọ. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ti di onílé.

Kò tán síbẹ̀. Haúsá ní orúkọ tó ń dúró fún orúkọ mìíràn. Abubakar ni wọ́n ń pè ní Garba, Usman ni wọ́n ń pè ní Shehu, Abdullahi ni wọ́n ń pè ní Audu, Muhammadu ni wọ́n sì máa ń pè ní Bello. Ọkùnrin kan lè fi àkọ́bí rẹ̀ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kí wọ́n kọ Abubakar fún un, kí àbúrò rẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ mìíràn kí wọ́n kọ Garba. Ọmọ ìyá kan náà, orúkọ bàbá méjì, kò sì sẹ́ni tó purọ́. Ní ti àwọn obìnrin, bí wọ́n bá lọ sílé ọkọ, orúkọ bàbá wọn ni wọ́n ń jẹ́ lọ, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fẹ́. Nítorí náà ìgbéyàwó kì í yí iye orúkọ padà láàárín wọn bó ṣe ń yí i padà láàárín àwa tí ìyàwó ń di ‘Ìyáàfin Lágbájá’ lọ́jọ́ tó bá kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí kóòtù.

Ohun tí òfin yìí ń ṣe jọ mí lójú gidigidi. Orúkọ bàbá tó wọ́pọ̀ jù láàárín Haúsá lónìí ni orúkọ tí àwọn òbí fẹ́ràn láti sọ ọmọ ní ọgbọ̀n tàbí ogójì ọdún sẹ́yìn. Lẹ́yìn tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Mohammed ní 1976, ọ̀pọ̀ òbí ní Àríwá sọ ọmọ wọn ní Murtala. Lẹ́yìn ogun Gulf ti 1991, àwọn kan sọ ọmọ ní Saddam. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ti di bàbá ọmọ. Murtala àti Saddam ti bọ́ sí ipò orúkọ bàbá nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́, láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣí wá láti ibì kankan.

Ẹ jẹ́ ká wá wo tiwa. Yorùbá àtijọ́ náà kò ní orúkọ ìdílé tó ń bá ọmọ, ọmọ-ọmọ àti ìyàwó rìn. A ní àmútọ̀runwá, a ní àbísọ, a ní oríkì, a ní ìnagijẹ, a sì ní orílẹ̀ tó so gbogbo ẹbí pọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ tí ẹnìkan ń jẹ́, ti ara rẹ̀ ni. Ìgbà tí ìjọ àti ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́nnárì ṣí rẹ́jísítà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni orúkọ èèyàn kan bẹ̀rẹ̀ sí í di ti gbogbo àwọn tó tẹ̀lé e. Wo Bọ́lá Ìgè fúnra rẹ̀. Ọmọ tó bá fi ẹsẹ̀ wáyé ni Ìgè. Ìdòwú wà nínú orúkọ tòun, èyí tó sọ bí òun ṣe wáyé. Ìgè jẹ́ ti ẹnìkan tó ti wà ṣáájú rẹ̀, tó wá di ti gbogbo ilé. Bẹ́ẹ̀ náà ni Òjó, Àjàyí, Dàda, Àìná àti Táíwò ṣe di orúkọ ìdílé àwọn tí kò ní ìbejì, tí irun orí wọn kò sì ta kókó. Ní ilẹ̀ Haúsá, Gambo ni ọmọ tó tẹ̀lé ìbejì, Ìdòwú wa gan-an. Gambo tó bá bímọ ní Makera, orúkọ rẹ̀ yóò jẹ́ orúkọ bàbá fún ìran kan péré, yóò sì lọ. Ìdòwú tó bá bímọ ní àdúgbò kan náà lè wà nínú rẹ́jísítà fún ọgọ́rùn-ún ọdún.

Èyí ló fà á tí orúkọ Yorùbá fi máa ń hàn ketekete ní Òkè Ọya, tí àwọn èèyàn fi rò pé a pọ̀ níbẹ̀ tàbí pé a ti tán níbẹ̀. Adéyẹmí tó dé pẹ̀lú rélùwéè ṣì jẹ́ Adéyẹmí lọ́dọ̀ ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń sọ Haúsá ju Yorùbá lọ. Ṣùgbọ́n Yorùbá tó jẹ́ Mùsùlùmí, láti Ìlọrin, Ọ̀fà, Ìgbómìnà tàbí Ìwó, kì í hàn bẹ́ẹ̀. Yusuf, Raji, Jimoh, Abdulkareem, Salami, Sanni ló ń jẹ́. Ojú tó bá mọ̀wé lè rí i nínú bí wọ́n ṣe kọ ọ́: Sanni tiwa ní ‘n’ méjì, Sani tiwọn ní ẹyọ kan, Muritala tiwa gba ‘i’ sáàárín, Murtala tiwọn kò gbà á, Sulaimon àti Sulaiman náà rí bẹ́ẹ̀. Létà kan ṣoṣo ló ń sọ ibi tí ilé náà ti wá. Tíṣà tó bá rò pé òun ń ṣàtúnṣe, tó pa ‘n’ kan rẹ́, ti kó odindi ẹbí kan láti Ìlọrin lọ sí Zaria nínú ìwé, ọmọ náà yóò sì gbé orúkọ tuntun náà dé WAEC, láti WAEC dé yunifásítì.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé orúkọ tiwa dúró gbọn-in-gbọn-in. Àwọn Sàró tó padà láti Sierra Leone sí Èkó àti Abẹ́òkúta wá pẹ̀lú Johnson, Cole, Macaulay àti Crowther, àwọn kan nínú wọn sì padà sórí orúkọ Yorùbá nígbà tí ìfẹ́ ilẹ̀ baba gbóná lára wọn. Pásítọ̀ David Brown Vincent náà di Mojọlá Agbébí ní 1894. Lóde òní, ìgbì mìíràn ń lọ. Ẹni tó ń jẹ́ Ògúnbíyìí di Olúbíyìí, Ifábùnmi di Jésùbùnmi, Èṣù sì ti kúrò nínú orúkọ tó ti wà fún ìran púpọ̀. Wọ́n á lọ búra ní kóòtù, wọ́n á san owó ìkéde sínú ìwé ìròyìn pé ẹni tí wọ́n ń pè ní báyìí tẹ́lẹ̀ ti di báyìí, kí gbogbo ìwé àtijọ́ ṣì jẹ́ ojúlówó. Ó ń dùn mí nígbà tí mo bá ka irú ìkéde bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò tó yẹ kí wọ́n mọ ara wọn nípa orúkọ ti di àjèjì sí ara wọn nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ wọn ni, nítorí orúkọ tí baba wọn gbà lọ́wọ́ Ifá náà kì í ṣe orúkọ tí bàbá tirẹ̀ jẹ́.

Àwọn tí ìtàn wọn ṣòro jù ní Makera ni àwọn ará gúúsù ìpínlẹ̀ Kaduna: Bajju, Atyap, Ham, Adara, Gworok, àti àwọn Gbagyi onílẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ aṣọ ló ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Wọ́n ní èdè tiwọn àti orúkọ tiwọn, ṣùgbọ́n Haúsá ni èdè tí àwọn ìjọ fi wàásù fún wọn jù, Bíbélì Haúsá tó jáde lódindi ní 1932 ni ọ̀pọ̀ wọn sì fi kọ́ ìwé kíkà. Orúkọ ìrìbọmi wọn ti inú Bíbélì yẹn wá: Bitrus, Yohanna, Ishaya, Istifanus, Filibus, Luka, Markus, Yakubu, Dauda. Wọ́n sì gba òfin Haúsá pẹ̀lú rẹ̀, pé orúkọ tí bàbá ń jẹ́ ni ọmọ yóò fi kún tirẹ̀. Ọ̀gágun Luka Yusuf, tó jẹ́ olórí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ Nàìjíríà ní 2007, Bajju ni. Patrick Ibrahim Yakowa, gómìnà Kaduna tó kú ní 2012, Kátólíìkì ni, Ibrahim sì jókòó láàárín orúkọ rẹ̀ láìsí wàhálà. Ishaya Audu, tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nígbà Shagari, ọmọ Haúsá láti Wusasa ni, Kìrìsìtẹ́nì sì ni. Ta ló máa fi orúkọ wọn lásán mọ ibi tó yẹ kó tò wọ́n sí?

Láti ìgbà rògbòdìyàn Zangon Kataf ní 1992, àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí ti ń gba orúkọ ara wọn padà. Àwọn tí ìjọba ń pè ní Kaje ní Bajju ni àwọn, Kataf ní Atyap ni àwọn, Jaba ní Ham ni àwọn, ọ̀pọ̀ wọn sì gba oyè ọba tiwọn kúrò lábẹ́ Zaria. Àwọn òbí kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọmọ ní orúkọ èdè ilé dípò Bitrus àti Yakubu. Nígbà tí àwọn ọmọ yẹn bá di bàbá, orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò rí rí yóò hàn nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ ní Makera. Ẹni tí kò mọ̀ yóò sọ pé àwọn àjèjì ti kún ibẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé baba ńlá àwọn ọmọ náà ti ń hun aṣọ ní KTL kí wọ́n tó bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé mo ń sọ pé ṣíṣí àti lílọ kò ka nǹkan. Ní Makera wọ́n ka púpọ̀, wọ́n sì korò. Ní 1966, nígbà tí wọ́n pa àwọn Ìgbò káàkiri Àríwá ní oṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹsàn-án, àwọn tó yè sá lọ sí Ìlà Oòrùn, Okafor, Okeke àti Nwosu sì dàwátì nínú ìwé owó oṣù káàkiri Kaduna. Lẹ́yìn 1970 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ní oṣù Kejì àti oṣù Karùn-ún 2000, lórí ọ̀rọ̀ òfin Ṣàríà, àti ní oṣù Kọkànlá 2002, lórí ìdíje Miss World, ìlú Kaduna tún jóná. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kó lọ sí Tudun Wada àti Rigasa, ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì sì kó lọ sí Sabon Tasha, Narayi, Gonin Gora àti Romi. Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í pín sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì odò Kaduna bí èèyàn ṣe pín. Ní àdúgbò tí Musa ọmọ Mùsùlùmí àti Musa ọmọ Kìrìsìtẹ́nì ti jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, ọ̀kan nínú wọn ló kù.

Lẹ́yìn náà ni ebi dé. KTL tilẹ̀kùn ní 2002. UNTL, tó kẹ́yìn nínú àwọn ńlá, tilẹ̀kùn ní oṣù Kẹwàá 2007, ó sì ṣí díẹ̀ padà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Aṣọ tí wọ́n ń fà wọlé láti òkè òkun, iná mànàmáná tí kò dúró, àti epo dúdú tó wọ́n ló pa wọ́n. Ẹni tó ní ilẹ̀ ní abúlé padà sí abúlé, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ríṣẹ́ ní Abuja tẹ̀lé e lọ. Ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ rọrùn láti háyà, àwọn tí jàǹdùkú àti ajínigbé lé kúrò ní abúlé sì ti ń wọ ìlú láti bí ọdún mẹ́wàá yìí. Ìyípadà gidi nìyẹn, orúkọ sì ń bá a rìn.

Ibi tí mo ti ń bá àwọn èèyàn jiyàn ni bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ kànìyàn. Ìkànìyàn 1991 àti ti 2006 kò béèrè ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Nàìjíríà, nítorí ìjà tó máa ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ààyè tó ṣófo yẹn ni àwọn olóṣèlú àti àwọn mìíràn fi orúkọ dí: wọ́n á gbé ìwé orúkọ olùdìbò, wọ́n á ka Ibrahim, wọ́n á ka Joseph, wọ́n á sì sọ pé àwọn báyìí ló ni ibí. Ní Amẹ́ríkà ó lè tọ́ díẹ̀. Nígbà tí iléeṣẹ́ ìkànìyàn wọn to orúkọ ìdílé jọ ní 2000, Garcia àti Rodriguez wọ inú mẹ́wàá àkọ́kọ́, wọ́n sì bá Smith àti Johnson jókòó, nítorí pé àwọn tó ń sọ èdè Sípéènì ti pọ̀ sí i. Orúkọ ìdílé tó dúró ni wọ́n ń kà níbẹ̀. Ní Makera, ẹni tó ń ka Ibrahim ń ka orúkọ tó máa di nǹkan mìíràn lọ́dọ̀ ọmọ ẹni tó ń jẹ́ ẹ.

Orúkọ ìdílé tó dúró náà ní àrùn tirẹ̀. Francis Galton àti Henry Watson ṣe ìṣirò kan ní 1874 láti mọ ìdí tí orúkọ àwọn ìdílé ńlá fi ń kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó jáde ni pé bí ọmọkùnrin nìkan bá ń gbé orúkọ lọ, tí orúkọ tuntun kò sì wọlé, àwọn orúkọ kan yóò máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan nítorí pé ẹnìkan bí obìnrin nìkan tàbí kò bímọ. Ní Kòríà lónìí, Kim, Lee àti Park nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdajì èèyàn. Òfin Haúsá kò lè bọ́ sínú irú ìyẹn láé. Ìran kọ̀ọ̀kan ló ń da orúkọ tuntun sínú rẹ́jísítà, bí orúkọ kan bá lọ lónìí ó lè padà lọ́la. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń fi òfin yìí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò ní létòlétò rò ó dáadáa.

Ṣùgbọ́n ìwé ti ń ṣẹ́gun rẹ̀. Túrkì fi òfin mú gbogbo èèyàn láti yan orúkọ ìdílé ní 1934. Tiwa kò wá gẹ́gẹ́ bí òfin orúkọ. Ó gba ọ̀nà báǹkì àti fóònù wọlé. Òfin tó dá NIMC, àjọ tó ń fún èèyàn ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń pè ní NIN, sílẹ̀ jáde ní 2007, BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báǹkì, dé ní 2014, ní oṣù Kejìlá 2020 ìjọba sì ní kí gbogbo ẹni tó ní síìmù so ó mọ́ NIN. Kọ̀ǹpútà ní àpótí orúkọ ìdílé, ó sì ń fẹ́ kí ohun tó wà nínú àpótí náà bára mu níbi gbogbo. Àwọn olówó Kano ti mọ èyí tipẹ́. Dantata ti wà gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìdílé láti ìgbà Alhassan Dantata tó kú ní 1955, nítorí ogún àti iléeṣẹ́ ń fẹ́ orúkọ tí kì í yẹ̀. Ní Makera, òṣìṣẹ́ àti ọmọ òṣìṣẹ́ ló wá kàn báyìí.

Ọ̀rọ̀ owó àjẹmọ́nú àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ aṣọ tó tilẹ̀kùn ló jẹ́ kí èyí hàn jù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ KTL kú kí owó wọn tó jáde, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ náà sì kọ orúkọ àwọn olóògbé sílẹ̀ kí wọ́n má bàa gbé ẹ̀tọ́ wọn mì. Elisha Renne, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ odindi ìwé lórí ikú àti àwọn opó wọn. Ká ní ọkùnrin kan wọ iléeṣẹ́ ní 1968, tí akọ̀wé béèrè ibi tó ti wá, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yakubu Kagoro. Ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gẹ́gẹ́ bí Bitrus Yakubu. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń sáré owó náà báyìí ni Daniel Bitrus. Nínú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí orúkọ tó so ẹni kẹta mọ́ ẹni àkọ́kọ́. Daniel ní láti lọ sí kóòtù lọ búra, kí ó mú ìwé ìrìbọmi bàbá rẹ̀ wá, káàdì iléeṣẹ́ bàbá-bàbá rẹ̀ bó bá ṣì wà, àti àgbàlagbà kan tó mọ̀ wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Ará ilé kejì rẹ̀ tó jẹ́ Yorùbá, tí bàbá-bàbá tirẹ̀ bá wọn wọ iléeṣẹ́ ní ọdún kan náà, káàdì àti ìwé ẹ̀rí ìbí nìkan ni yóò mú dání, nítorí orúkọ kan náà ló wà lórí méjèèjì.

Ìdí nìyẹn tí Daniel, nígbà tó bá lọ forúkọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ ètò ìkànìyàn, kò fi ní kọ Daniel sí ipò orúkọ bàbá gẹ́gẹ́ bí ilé wọn ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bitrus ni yóò kọ, nítorí òun ló wà nínú àpótí orúkọ ìdílé lórí NIN tirẹ̀, ọmọ tí ọmọ náà bá sì bí yóò tún jẹ́ Bitrus.